Pọ́ǹpù insulin kì í pariwo tó bá bọ́ lára: Ọ̀nà tí ẹ fi lè jẹ́ kó lẹ̀ dáadáa

Ọ̀rọ̀ yìí ni akọ̀ròyìn wa bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ níbi ìpàdé kan ní àdúgbò Bertrams, nílùú Johannesburg, lórílẹ̀-èdè South Africa. Bó ṣe sọ ọ́ la ṣe gbé e jáde.

 

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìlera, mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe pàtàkì, àmọ́ kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ nínú wa. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kéré púpọ̀. Pílásítà ni. Gọ́ọ̀mù tó wà lára pílásítà, àti bí yóò ṣe lẹ̀ mọ́ awọ ara fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko láì bọ́.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Lára àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí àwọn kan ń pè ní àtọ̀gbẹ, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kékeré kan ló ń fún wọn ní insulin tọ̀sán tòru. Pílásítà ló gbé ẹ̀rọ náà dúró. Bí pílásítà yẹn bá bọ́ ní aago méjìlá òru, tí ẹni náà sùn lọ fọnfọn, ilẹ̀ lè mọ́ bá a nínú ewu ńlá. Ẹni náà lè jẹ́ ọmọ yín. Ó lè jẹ́ ọmọ ilé ìwé tó ń gbé yàrá kan náà pẹ̀lú yín ní Doornfontein. Ó sì lè máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nísinsìnyí, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe gan an?

Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù wa tó ń pèsè insulin. Insulin ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọnú ẹran ara, kí ara lè fi ṣiṣẹ́. Nínú oríṣi ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń pè ní Type 1, ara fúnra rẹ̀ ló ń gbógun ti ibi tí insulin ti ń wá, títí tí kò fi ní sí mọ́. Kì í ṣe pé ẹni náà jẹ ṣúgà jù. Kì í ṣe pé ó sanra jù. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè ní in, àgbàlagbà náà lè ní in. Ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ máa gba insulin láti ìta lójoojúmọ́, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Kó tó di ọdún 1922, ikú ló ń gbẹ̀yìn irú àìsàn yìí. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, nílùú Toronto ní Canada, ni wọ́n fún ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson ní insulin tí Frederick Banting, Charles Best àtàwọn akẹgbẹ́ wọn ṣàwárí. Ọmọ náà yè. Láti ìgbà yẹn ni abẹ́rẹ́ insulin ti dé, abẹ́rẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ń lò títí dòní.

Pọ́ǹpù ni ọ̀nà kejì. Ní ọdún 1978, àwọn dókítà kan nílùú London, lára wọn ni John Pickup àti Harry Keen, gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé ẹ̀rọ kékeré téèyàn gbé kiri lè máa kán insulin díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ awọ. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn tóbi, ó sì wúwo. Ti òde òní ti kéré.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Oríṣi kan dàbí fóònù kékeré ayé àtijọ́ tí wọ́n fi há ìgbànú. Okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ jáde láti ara rẹ̀ lọ sí ojú ibi kan lára, níbi tí ike rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wọlé sábẹ́ awọ. Kánúlà ni wọ́n ń pe ike náà, pílásítà ló sì dì í mú. Oríṣi kejì kò ní okùn rárá. Gbogbo ẹ̀rọ náà, insulin inú rẹ̀ àti kánúlà rẹ̀, ló lẹ̀ mọ́ ara bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi. Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ jù nínú irú èyí ni Omnipod, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2005. Ó ń gba insulin tó tó 200 yúníìtì, ọjọ́ mẹ́ta ló sì ń lò lára kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ti olókùn náà, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n máa ń pààrọ̀ kánúlà ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ibi tí ewu wà

Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ sábà máa ń ní insulin oríṣi méjì: èyí tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá nígbà tó bá jẹun, àti èyí tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún odindi ọjọ́. Bó bá gbàgbé ti oúnjẹ, ti ọlọ́jọ́ gbọọrọ ṣì wà lára.

Ẹni tó ń lo pọ́ǹpù kò ní ìkejì yẹn. Insulin tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá nìkan ló wà nínú pọ́ǹpù, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń wọlé. Bí kánúlà bá yọ, láàárín wákàtí díẹ̀ péré, kò ní sí insulin kankan lára ẹni náà mọ́. Ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá dípò ṣúgà, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ketone yóò sì máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ títí tí ẹ̀jẹ̀ yóò fi di kíkan. Èyí ló ń pa ènìyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹ̀rọ yóò sọ fún wọn. Pọ́ǹpù máa ń pariwo tí nǹkan bá dí i lọ́nà, tí bátìrì bá fẹ́ kú, tàbí tí insulin bá fẹ́ tán. Àmọ́ tí kánúlà bá yọ kúrò lára, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún insulin láti ṣàn sórí aṣọ. Kò sí ohun tó dí i. Lójú ẹ̀rọ, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa ni.

Imú ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ nígbà mìíràn. Insulin ní òórùn tirẹ̀, ó fara jọ òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn tó dàgbà nílé wa yóò rántí Izal. Bí ẹ bá gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ lára aṣọ ọmọ yín tó ń lo pọ́ǹpù, ẹ má ṣe bi í bóyá ó fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ wo ibi tí kánúlà wà.

Kí ló ń mú un bọ́?

Ọ̀rá ni olórí ọ̀tá. Ìlú tí a wà yìí ga ju etíkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,700, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ sì ni awọ wa máa ń funfun bí ẹni tó yí nínú eérú. Kí la máa ń ṣe? Vaseline. Òrí. Àdín àgbọn. Ìpara tí wọ́n fi kókó ṣe. A ó fi para láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, torí ọmọ Yorùbá kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú ara híhá. Gọ́ọ̀mù kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ẹ lè ra pílásítà tó wọ́n jù ní Clicks tàbí Dis-Chem, bí òrí bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, owó yín ti wọgbó.

Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ jẹ́ kí ara yín há. Ẹ para, ṣùgbọ́n ẹ fi ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ pọ́ǹpù mọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé apá òsì ló kàn lọ́la, kí apá òsì má rí ọ̀rá láti àṣálẹ́ òní. Ẹ ṣọ́ ọṣẹ náà. Àwọn ọṣẹ tí wọ́n po òrí tàbí òróró mọ́, títí kan ọṣẹ dúdú kan, máa ń fi ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀ lórí awọ bí a tilẹ̀ ṣàn án.

Fún àwọn ará wa ní Èkó, Cotonou àti Lomé, òógùn ni ọ̀rọ̀ tiwọn. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù, èèyàn ń làágùn kó tó parí ìwẹ̀. Èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì kan máa ń dámọ̀ràn ni èròjà tí a ń fín sí abíyá láti dín òógùn kù, èyí tí kò ní lọ́fínńdà. Ẹ fi yí ibi tí pílásítà yóò dé ká, kì í ṣe ojú ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá.

Irun ara náà ń dí gọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ kún fún irun lè gé e mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Kì í ṣe kí wọ́n fá a ní ìṣẹ́jú kan náà tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́, nítorí ojú ibi tí abẹ lè ti ha yóò máa ta á.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí ìwé tí wọ́n fi sínú páálí ẹ̀rọ kò lè mọ̀, torí àwọn tó kọ ọ́ kì í ró ìró. Obìnrin tó bá gbé pọ́ǹpù sí ìbàdí, tó wá ró ìró, tó fún un dáadáa, tó sì ń tún un ró nígbà gbogbo bí a ṣe ń ṣe, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí pílásítà náà ni. Bèbè ìdí ńkọ́? Ó máa ń kọ́ okùn rọ́bà. Ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ máa ń gba orí ikùn àti ẹ̀gbẹ́ kọjá, ẹsẹ̀ ọmọ náà sì máa ń ta síbi tó bá wù ú. Fún ìyálọ́mọ, ẹ̀yìn apá tàbí itan dára jù.

Ọkọ ìyàwó tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé pọ́ǹpù síkùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n lè ní kó dìde kó tún dọ̀bálẹ̀. Kó gbé e sí ẹ̀yìn apá, abẹ́ agbádá yóò bò ó.

Ní Johannesburg níbí, ẹ ronú nípa taxi. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún nínú ọkọ̀ kan, apá yín ń gún ti ẹlòmíràn, báàgì ń gba orí yín kọjá. Apá tó máa kan ìlẹ̀kùn tàbí ẹni tó jókòó tì yín kọ́ ló yẹ kó gbé ẹ̀rọ. Bẹ́líìtì ìjókòó nínú mọ́tò náà ń fa ti ikùn.

Báwo la ṣe ń lẹ̀ ẹ́?

Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín ló máa sọ ibi tó bá yín lára mu. Àwọn ibi tí wọ́n sábà máa ń lò ni ikùn, kó jìnnà sí ìdodo díẹ̀, ẹ̀yìn apá, itan, àti òkè ìdí. Ẹ máa yí i kiri. Bí ẹ bá ń lo ojú kan náà léraléra, abẹ́ awọ níbẹ̀ yóò le, yóò wú bí kókó, insulin kò sì ní wọlé dáadáa mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn ojú kókó yẹn torí pé kì í dun wọ́n. Ìdí tí kì í fi í dùn wọ́n gan an ni pé ibẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ fi omi àti ọṣẹ tí kò ní ọ̀rá fọ ojú ibẹ̀. Ẹ fi òwú tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Ibi tí ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí. Sípíríìtì tí kò tíì gbẹ ń ba gọ́ọ̀mù jẹ́, ó sì ń ta awọ. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, torí itọ́ àti kòkòrò wà nínú èémí. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kí ara yín fara balẹ̀ ná. Awọ tí oorú ṣì wà lórí rẹ̀ kò tíì gbẹ, bó tilẹ̀ jọ pé ó gbẹ.

Fún àwọn tí tiwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀, àwọn ègé aṣọ tútù kékeré wà tí wọ́n ti fi oògùn sí, tí wọ́n fi ń nu awọ kí pílásítà tó dé e. Àwọn kan ń dáàbò bo awọ, irú bíi Cavilon. Àwọn kan ń jẹ́ kí awọ lẹ̀, irú bíi Skin Tac. Ẹ jẹ́ kí àwọn náà gbẹ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé etí pílásítà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ooru ọwọ́ ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù rọ̀ wọ inú awọ. Ẹ má sáré lọ wẹ̀, ẹ má sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Pílásítà ìbolé ńkọ́? Àwọn kan ń ta èyí tí wọ́n ya òdòdó àti ẹranko sí, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, kò sì burú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí kò ní owó púpọ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Tépù tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń di ojú egbò, tàbí tépù aláràbarà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń lẹ̀ mọ́ orúnkún, ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kó rí róbótó, torí láti igun ni gbogbo pílásítà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bó bá jẹ́ ti aláìlókùn, ẹ gé ihò sáàárín kó lè yí ẹ̀rọ ká, kí ẹ má bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ẹni tó ń lo olókùn, kó ká okùn náà lẹ́ẹ̀kan bí òrùka, kó fi tépù kékeré lẹ òrùka náà mọ́ ara ní tòsí kánúlà. Bí ọwọ́ ìlẹ̀kùn bá fa okùn, òrùka yẹn ni yóò kọ́kọ́ na, kánúlà kò ní mọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, èyí ló rọrùn jù, òun ni mo sì rò pé ó wúlò jù.

Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹ ṣe é láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án, kí ẹ sì wọn ṣúgà yín ní wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn náà, kí ẹ lè mọ̀ bóyá insulin ń wọlé.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe: súpà gúlù, tàbí gọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàtà ń lò. Ó ń jó awọ, nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ ṣí i, awọ ni yóò tẹ̀lé e.

Awọ dúdú àti ìpara ìbóra

Àwọn kan wà tí ara wọn kò gba gọ́ọ̀mù náà rárá. Ní ọdún 2017, àwọn oníṣègùn awọ ara ní Yúróòpù ṣàwárí pé èròjà kan tó ń jẹ́ isobornyl acrylate ló ń fa yíyún àti egbò fún àwọn kan tó ń lo FreeStyle Libre, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá láti máa wọn ṣúgà. Ó di ọ̀ràn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara kan ní Amẹ́ríkà fi yan èròjà náà gẹ́gẹ́ bí èyí tó yẹ kí ayé kíyè sí jù ní ọdún 2020.

Ìwé àwọn dókítà sábà máa ń sọ pé kí ẹ wò ó bóyá ojú ibẹ̀ pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè má pọ́n. Ó lè kàn dúdú ju ìyókù lọ, kó máa yún yín, kó gbóná díẹ̀, kó wú. Ẹ má dúró de pípọ́n kí ẹ tó sọ fún dókítà. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tí àpá máa ń wú sókè lára rẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó yan ibi tí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Mo mọ̀ pé inú kò ní dùn sí èyí tó kàn. Ìpara ìbóra. South Africa fòfin de hydroquinone nínú ìpara ológe láti ọdún 1990, síbẹ̀ gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Èyí tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ lẹ pílásítà mọ́, bí ẹ bá fà á, ó máa ya ni. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kọ́ ni mo ń bá yín jà lé lórí lónìí. Bí ẹ óò bá ṣáà para, ẹ fi ojú ibi tí ẹ̀rọ wà sílẹ̀.

Ṣíṣí i náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Òróró tí mo ní kí ẹ sá fún nígbà tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́, òun gan an ni ẹ ó wá lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i. Òróró ọmọ ọwọ́ dára. Ẹ fi sí etí pílásítà, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá máa ká a padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ká ẹní, kí ọwọ́ kejì tẹ awọ mọ́lẹ̀. Kí ẹ máa fà á fìà bíi ti sinimá, ọmọdé ló ń sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀

Ní oṣù Keje ọdún 2014, Sierra Sandison fi aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ jáde níbi ìdíje Miss Idaho ní Amẹ́ríkà, pọ́ǹpù rẹ̀ sì há a ní ìbàdí níṣojú gbogbo ènìyàn. Òun ló borí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ọmọ gbajúgbajà afẹwàṣiṣẹ́ Kate Moss, Lila Moss, rìn níbi àfihàn aṣọ ní Milan pẹ̀lú Omnipod lórí itan rẹ̀.

Mo mọ̀ pé Milan kọ́ ni Bertrams. Níbí, ẹ̀rù ń ba èèyàn pé wọn yóò rò pé fóònù ni, kí wọ́n já a gbà. Nínú ilé, ẹ̀rù ń bà á pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun yóò bi í léèrè irú oògùn wo ló dè mọ́ra. Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń fún aṣọ mọ́ ọn kó má bàa hàn, aṣọ fífún yẹn ló sì ń ṣí i. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọmọ gbé e síbi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, láì pa ojú dà nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ ti ran pílásítà náà lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù lọ sílé láti OR Tambo, kó mú ìwé dókítà dání, kó bi iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ bóyá ó lè gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí bàálù bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù, èyí lè mú kí òfìfo wà nínú insulin, kí díẹ̀ sì wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Kó yẹ okùn rẹ̀ wò lẹ́yìn tí bàálù bá gòkè tán.

Àwọn tí kò ní pọ́ǹpù ńkọ́?

Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ ìlera NHS bẹ̀rẹ̀ ètò ní ọdún 2024 láti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ní Type 1 ní pọ́ǹpù tó ń bá ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà sọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní ọdún 2024 yìí kan náà, ní South Africa níbí, iléeṣẹ́ Novo Nordisk kò tún àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ṣe lórí abẹ́rẹ́ insulin alápèènì, ọ̀pọ̀ aláìsàn nílé ìwòsàn ìjọba sì ní láti padà sí ìgò àti síríńjì. Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe jìn sí ara wọn. Níbí, inṣọ́ránsì aládàáni ló sábà máa ń sanwó pọ́ǹpù. Ní Nàìjíríà, àpò ara ẹni ni.

Fún àwa àjèjì, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nílẹ̀. Ẹ rántí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Operation Dudula tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba, tí wọ́n ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga nílùú Johannesburg yìí pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò ní insulin lára kò lè máa dúró bá ẹnikẹ́ni jiyàn lẹ́nu géètì. Ẹ mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì má dá nìkan lọ.

Tó bá ti bọ́ ńkọ́?

Bí ẹ bá rí i pé ó ti bọ́, tàbí tí ṣúgà bá ju 14 lọ láì nídìí, ẹ má ṣe fi pọ́ǹpù náà gba insulin mìíràn, torí ẹ kò mọ̀ bóyá yóò wọlé. Àwọn ará Nàìjíríà tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ka 100 àti 200, ẹ fi 18 sọ 14 di púpọ̀. Nǹkan bíi 250 ni. Ẹ fi síríńjì tàbí pẹ́ẹ̀nì gba insulin ní iye tí dókítà ti kọ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì lẹ òmíràn. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń lo pọ́ǹpù kò fi gbọdọ̀ jáde nílé láì mú síríńjì àti insulin dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn Ellis Park lásán ló ń lọ.

Ẹ wọn ketone tí ẹ bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá tó 0.6, kò tíì sí wàhálà. Tó bá ti ju 1.5 lọ, ẹ pe dókítà. Tó bá tó 3, ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní àìsàn náà, àmì tí ẹ máa rí lára ẹlòmíràn ni òùngbẹ, kó máa tọ̀ léraléra, inú rírun, èébì, kó máa mí gúlegúle bí ẹni tó sáré, kí èémí rẹ̀ máa rùn bí èso tó pọ́n jù. Nílé wa, wọ́n á ní ibà ni. Wọ́n á ní ọgbẹ́ inú ni. Àwọn kan á ní wọ́n fún un ní májèlé jẹ, wọ́n á sì wá epo pupa. Bí ẹni tó ń bì náà bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ gbé aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ wo ibi tí pọ́ǹpù wà, kí ẹ pe ọkọ̀ aláìsàn. Ní South Africa, 10177 ni, tàbí 112 láti orí fóònù alágbèéká. Ní Èkó, 767 tàbí 112. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 999.

Mo rí ọwọ́ ìyá wa kan lókè lẹ́yìn yẹn láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba ìpara. Ẹ máa bọ̀ níwájú, ma. Ẹ bá wọn gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn.